Ọ̀rọ̀-Ò-Tán àti Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lè Dúró

Ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bó bá kí ọ káàárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán rẹ á ti tutù kó tó kí ọ tán. Òun ni Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn eyín kan, ilé alájà mẹ́ta tí ọ̀dà ara rẹ̀ funfun bí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kì í ṣe dókítà o. Kò fa eyín ẹnikẹ́ni rí, kò gún abẹ́rẹ́ rí, kò sì mọ ìyàtọ̀ eyín iwájú sí eyín kọ̀rọ̀ àfi bó bá ń jẹ eegun. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e débẹ̀. Wọ́n ní níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ yan ọ̀gá, ó dìde láti dúpẹ́ kí wọ́n tiẹ̀ tó yan ẹnikẹ́ni. Ó dúpẹ́ dúpẹ́ títí ebi fi ń pa àwọn àgbà tó wà níjòókòó, ni wọ́n bá gbé ipò náà fún un kí kálukú lè ráyè relé.

Èèyàn kúkurú ni, ṣùgbọ́n òun ò gbà bẹ́ẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, kóòtù dúdú rẹ̀ tó ń dán bí ẹ̀yìn aáyán á tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ á wá kún yàrá náà dé òrùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀-ò-tán. Orúkọ náà ta sí i létí lọ́jọ́ kan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìfọṣọ, inú rẹ̀ sì dùn dé ẹsẹ̀. Ó rò pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọgbọ́n òun ò lópin. Ẹ ò rí nǹkan, ẹ̀yin òǹkàwé? Ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ dénú, èébú gan-an a máa dún bí oríkì létí rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló sún mọ́ ọn jù níbi iṣẹ́, ìyẹn Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí mímì ti mọ́ lára. Iṣẹ́ Akọ̀wé ò ju pé kó máa ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," kó sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí àwọn yòókù tó mọ̀ pé àwàdà ni Ọ̀gá ń ṣe. Bí Ọ̀gá bá sín, Akọ̀wé á mi orí, á ní, "Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, sà."

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló wá da ilé rú.

Ẹni tó bá ti yọ eyín rí mọ̀ pé kí dókítà tó ki ẹ̀mú bọ ẹnu, á kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ sí èrìgì, kí ẹran ibẹ̀ lè kú tipiri, kí eyín jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Oògùn kan ni wọ́n ń lò níbẹ̀ láti ayébáyé. Oògùn náà lọ́ra. Bí wọ́n bá gún ọ tán, wàá jókòó, wàá máa wo òrùlé, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àbí omi lásán ni wọ́n gún. Àmọ́ bó bá ti mú, ó mú nìyẹn. O lè délé kí o ṣì máa mu omi kó máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ṣàn dà nù. Ni oògùn tuntun bá dé. Èyí yá. Kí dókítà tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ètè ti wúwo. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yára dé náà ló ń yára lọ, bí àlejò tó ya ilé tí kò pa iná ọkọ̀ rẹ̀.

Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn aláìsàn ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ kì í rántí ìgbà tí eyín kúrò lẹ́nu. Òun ló mú ìmọ̀ràn wá síbi ìpàdé.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi oògùn méjèèjì wéra," ló wí. "Bí ẹnìkan bá gba ti àtijọ́, kí ẹni tó tẹ̀ lé e gba ti tuntun. A ò ní sọ èyí tí a gún fún wọn, kó má lọ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń retí ni wọ́n á máa wí. Bí a bá yọ eyín tán, ká bi wọ́n bó ṣe rí lára wọn. Àwọn aláìsàn wa ń jìyà, sà. Ó yẹ ká mọ èyí tó sàn fún wọn."

Gbogbo ìpàdé mi orí. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn, kò sì gùn. Ìyẹn gan-an ló bí Ọ̀gá Àgbà nínú. Ó dìde, ó fa kóòtù wálẹ̀.

"Dókítà, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí òkè tó di òkè, kí òkun tó di òkun, kí eyín tó hù lẹ́nu ẹ̀dá àkọ́kọ́, àṣẹ ló ti kọ́kọ́ wà! Ta ni aláṣẹ níbí?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Akọ̀wé dáhùn, tó ti dìde kí wọ́n tó bi í.

"Èmi ni. Mo sì ti fi oògùn méjèèjì wéra. Mo ti wo páálí wọn."

Òótọ́ ló sọ. Ti àtijọ́ wà nínú páálí funfun lásán bí páálí ọṣẹ. Ti tuntun wà nínú páálí búlúù tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ̀wé sí, wọ́n sì ya àwòrán ọkùnrin kan síwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, tí àgbọ̀n rẹ̀ jọ ti Ọ̀gá Àgbà. Ó ti wo ọkùnrin náà, ó ti wo ara rẹ̀ nínú dígí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tilẹ̀ ti lọ sórí rédíò, ó ti kéde pé oògùn tí òun fọwọ́ ara òun yàn ti lé ìrora kúrò láyé.

Kí ló wá jẹ́ kó gbà pé kí wọ́n ṣe ìfiwéra náà? Ó rò ó wò, ó rí i pé ayẹyẹ á wà níbẹ̀. Níbi tí ayẹyẹ bá sì wà, ọ̀rọ̀ ìṣíde ò ní ṣàìsí. Níwọ̀n bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ ìṣíde tọ́ sí kálukú wọn.

Ọ̀gá Àgbà ronú gidigidi lórí ìgbà tó yẹ kí òun máa sọ ọ́. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ ńkọ́? Rárá o, ẹ̀rù á máa ba aláìsàn, kò ní fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn tí eyín bá jáde? Òwú á wà lẹ́nu rẹ̀, ilé lá máa wù ú. Àárín abẹ́rẹ́ àti ẹ̀mú ló dára jù. Aláìsàn á ti jókòó, kò ní lè sá, ẹnu rẹ̀ á sì ti kú, kò ní lè já ọ̀rọ̀ gbà. Kò sí àwùjọ kankan láyé tó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí àga ni bíríkìlà kan, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíì. Oògùn tuntun ló kàn án. Dókítà gún un, ó ní kó fi ahọ́n wá èrìgì rẹ̀ wò.

"Mi ò rí i mọ́, Dókítà," ni bíríkìlà wí.

Dókítà na ọwọ́ sí ẹ̀mú.

"Dúró níbẹ̀!" ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì tó ti ń dúró de àkókò rẹ̀. "Ìwọ akọni tí ń fi símẹ́ńtì gbé ayé ró! Bí o ti ń to bíríkì lérí bíríkì, bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá to eyín lérí èrìgì. Kí wá ni eyín? Ìbéèrè ńlá nìyẹn, ó sì ní ìpín mélòó kan…"

Ó pín in. Ó wá tún ìpín kọ̀ọ̀kan pín. Ó sọ bí òun ṣe gorí oyè, ó dárúkọ àwọn tí kò fẹ́ kí òun gorí oyè, ó sì dárí jì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíríkìlà kọ́kọ́ ń mi orí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà wo aago ara ògiri, ó wo Ọ̀gá, ó tún wo aago. Ọ̀gá Àgbà ní "ní ìparí," ó sì sinmi díẹ̀ kó lè ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í parí.

Nígbà tó ṣe tán, tí Dókítà fi ẹnu ẹ̀mú kan eyín náà péré, bíríkìlà fi igbe ta tó jẹ́ pé abọ́ irin já bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá kejì. Àfi kí Dókítà tún un gún lẹ́ẹ̀kejì kó tó yọ ọ́.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni obìnrin onídìrí kan. Ti àtijọ́ ló bọ́ sí i lọ́wọ́, èyí tó lọ́ra. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ títí, obìnrin náà sun oorun, ó jí, ó tún sùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, ẹnu rẹ̀ ti kú débi pé wọ́n ti yọ eyín rẹ̀ tán kó tó béèrè pé, "Ṣé bàbá yẹn ti lọ?"

Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn tó gba oògùn àtijọ́ ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Àwọn tó gba oògùn tuntun ń pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá ní títì ń dúró láti béèrè ẹni tó kú. Ọ̀gá Àgbà kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣé ó wá lè jẹ́ pé ọkùnrin ara páálí yẹn, tó jọ òun tó bẹ́ẹ̀, purọ́ fún òun? Kò ṣeé ṣe. Àwọn aláìsàn ló ní láti jẹ̀bi.

"Ìwà àìmoore ni igbe," ló sọ fún Akọ̀wé.

"Àìmoore gbáà ni, sà."

"Èèyàn gba abẹ́rẹ́ tó ní wúrà lára páálí, ó tún ń ké! Kọ ọ́ sílẹ̀: láti òní lọ, igbe kíké di èèwọ̀ nínú ilé ìwòsàn yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lẹ pátákó mọ́ iwájú àga eyín, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ KÉ. OÒGÙN TI ṢIṢẸ́. Bí ẹnìkan bá sì rú òfin, Akọ̀wé ní láti bẹ̀rẹ̀ orin lókè ohùn kí igbe má baà dé títì. Akọ̀wé ò mọ orin kọ, ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí epo gbẹ lára rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn aláìsàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí àwọn máa gbọ́ igbe ara àwọn.

Ó sú Dókítà. Ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, oògùn yẹn ò burú," ló wí. "Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Bí mo bá gún un, ó yẹ kí n yọ eyín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ títí ó fi ń tán lára wọn. Ìfiwéra tí à ń ṣe yìí kì í ṣe ti oògùn mọ́, sà. Ọ̀rọ̀ yín là ń fi oògùn wé."

Ọ̀gá Àgbà wò ó. Nínú gbogbo ohun tí Dókítà sọ, gbólóhùn tó kẹ́yìn nìkan ló dé etí rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ dún bí ìyìn. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ wá wọlé díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló ń dun àwọn èèyàn?"

"Ọ̀rọ̀ yín kọ́, sà. Gígùn rẹ̀ ni."

"Dókítà, mo rí i pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọ. Bí Mínísítà bá ti wá lọ, màá gbé ọ lọ sí yàrá ẹrù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tó máa tò ó."

Ọ̀rọ̀ Mínísítà yìí ni mi ò tíì sọ fún yín. Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera ní eyín kọ̀rọ̀ kan tó ń dà á láàmú. Ọ̀gá Àgbà gbọ́, ó sì kọ̀wé sí i pé kó wá yọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú oògùn tuntun, kí aráàlú lè rí i pé ìrora ti di ìtàn. Ìdí mìíràn wà níbẹ̀ tí kò kọ sínú ìwé náà. Ipò Olùdarí Gbogbo Ilé Ìwòsàn ṣófo, Mínísítà ló sì máa yan ẹni tó máa wà níbẹ̀.

Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà kì í bẹ̀rù rẹ̀. Télọ̀ ni, obìnrin tó mọ̀ pé aṣọ tó bá gùn jù, gígé ni wọ́n ń gé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí Mínísítà máa wá, ó ń gán aṣọ níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ dúró sáàárín pálọ̀ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí.

"Bàbá wọn," ló wí láìgbé ojú sókè, "ibo lẹ bá a dé báyìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kí Mínísítà káàbọ̀ ni."

"Èmi ti rán ọwọ́ aṣọ méjèèjì tán. Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí eyín ń dùn kì í ṣe àwùjọ. Ẹ kí i káàbọ̀, ẹ jókòó."

"Ìyá wọn, ìwọ ò mọ òṣèlú."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Eyín ríro ni mo mọ̀."

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé àga eyín kúrò ní yàrá rẹ̀, wọ́n gbé e sórí pèpéle gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n so òdòdó mọ́ ọn lápá méjèèjì títí ó fi dà bí àga ìyàwó. Èrò kún inú gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Àwọn oníròyìn gbé kámẹ́rà sí iwájú. Mínísítà wọlé, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì wú bí ẹni gbé ọsàn sẹ́nu. Ó jókòó, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn láyà. Ó wo Dókítà pẹ̀lú ojú ẹni tí kò sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

"Kò ní pẹ́, sà," ni Dókítà wí. Ó ti bá Ọ̀gá Àgbà ṣe àdéhùn ní àárọ̀ ọjọ́ náà pé kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí òun tó gún abẹ́rẹ́. Ọ̀gá Àgbà sì ti sọ ọ́ lóòótọ́, ó kúrú, ó dára, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ì bá mà dára o, ká ní ó fi mọ níbẹ̀! Àmọ́ nígbà tí Dókítà gún abẹ́rẹ́ tán, tí gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà wọ Ọ̀gá Àgbà lójú. Ó wo kámẹ́rà, ó wo gbohùngbohùn tó dúró láìsí ẹni tó ń lò ó. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Gbólóhùn kan péré," ló wí, ó sì gba gbohùngbohùn mú.

"Ọ̀gá!" ni Dókítà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Oògùn ti mú. Ó ti yá."

"Ọlọ́lá jùlọ, ọlọ́lá tí ọlá fúnra rẹ̀ ń wárí fún! Ẹ wo eyín! Láìsí eyín, kí la ó fi rẹ́rìn-ín? Láìsí ẹ̀rín, kí la ó fi pàdé Mínísítà? Láìsí Mínísítà, ta ni ì bá máa yan àwọn èèyàn sí ipò, bí àpẹẹrẹ, ipò Olùdarí Gbogbo Ilé Ìwòsàn?"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé àwàdà kọ́, ó yí i sí ikọ́.

Mínísítà gbé ọwọ́ sókè. Ó fẹ́ sọ pé, "Ó tó." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ahọ́n tó ti kú tipiri kì í pe ohun tí olówó rẹ̀ bá rán an. Ohun tó jáde ni:

"Ó hó!"

"Ẹ gbọ́!" ni Ọ̀gá Àgbà kígbe. "Ẹ̀yin ará, Mínísítà ní kí ẹ hó! Ẹ hó fún wọn!"

"Hóòò!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

"Ó hó! Ó hó!" ni Mínísítà tún wí, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì síwá sẹ́yìn, itọ́ ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀.

"Inú wọn dùn kọjá ààlà! Ẹ tún hó!"

"Hóòòò!"

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin tó ní àṣẹ lórí gbogbo ilé ìwòsàn jókòó sórí àga olódòdó, ó ń pàṣẹ kí ọ̀rọ̀ dópin, bó bá sì ti pàṣẹ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń sọ ọ́. Ọ̀gá Àgbà ò gbádùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó pín ọ̀rọ̀ eyín sí ìpín, ó tún ìpín pín, ó dárí ji àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ó ń rí ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì Olùdarí, ó ti ń ronú irú kọ́tìnnì tí wọn yóò fi síbẹ̀. Dókítà fa kóòtù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀gá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀gá bọ́ síwájú.

Díẹ̀díẹ̀, Mínísítà dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Dókítà rí i, ó mọ̀.

"…nítorí náà, láìfa ọ̀rọ̀ gùn," ni Ọ̀gá Àgbà wí níkẹyìn, "Dókítà, yọ eyín Mínísítà, kí ayé rí i!"

"Oògùn ti tán lára wọn, sà," ni Dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kí n tún wọn gún."

Gbohùngbohùn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín orí ètè lásán.

"Oògùn yìí kì í tán. Mo sọ ọ́ lórí rédíò. Yọ ọ́!"

Dókítà gbé ẹ̀mú sílẹ̀ nínú abọ́. Ó dún gbìn-ín. Ó mọ ibi tí yàrá ẹrù wà, ó sì mọ bí ibẹ̀ ṣe ṣókùnkùn tó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Èmi ò ní fà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga mi, mi ò ní dá a lóró nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ lórí rédíò."

Ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀: kó ní "ó dáa, tún wọn gún," tàbí kó ṣe ohun tó ṣe. Ó mú ẹ̀mú.

"Ẹ wò ó!" ló wí fún kámẹ́rà. "Mínísítà ò mọ nǹkankan lára!"

Ó sì fi ẹ̀mú gbá eyín náà, kó.

Igbe tí Mínísítà ké lọ́jọ́ náà, ó mi òdòdó já kúrò lára àga. Ó fò dìde, aṣọ àyà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, Ọ̀gá Àgbà fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí ìdì òwú tí wọ́n kó sẹ́bàá pèpéle. Akọ̀wé, tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹnu Mínísítà ti padà bọ̀ sípò pátápátá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jáde bó ṣe yẹ.

"Ó TÓ!"

Akọ̀wé gbé orin mì.

Mínísítà gba gbohùngbohùn. Àwọn oníròyìn mú kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tí wọ́n tíì sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Láti ìsinsìnyí lọ, ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀gá níbí mọ́. Dókítà, ẹ gún mi."

Ariwo ìdùnnú tó sọ, kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Dókítà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé sì dákẹ́. Ó gún abẹ́rẹ́, oògùn tuntun náà gan-an ni. Ó fi irin kékeré kan yẹ èrìgì wò, ó mú ẹ̀mú, ó yí i díẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" ni Mínísítà béèrè pẹ̀lú ahọ́n wíwúwo.

"Ó ti jáde, sà," ni Dókítà wí, ó sì fi eyín náà hàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi Dókítà ṣe ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìgorí oyè, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu iṣẹ́." Wọ́n ṣe ìfiwéra náà láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí ẹni tó dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n rí i pé oògùn méjèèjì ló dára. Eyín tó bá rọrùn, tí kò ní gbà wọ́n lákòókò, wọ́n ń lo ti tuntun fún un. Eyín alágídí tó ti ta gbòǹgbò bí igi, wọ́n ń fi ti àtijọ́ tù ú. Akọ̀wé ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá tuntun ní kó máa sọ èrò ọkàn rẹ̀, ó sì gba ìgbà díẹ̀ kó tó rí ọ̀kan.

Ọ̀gá Àgbà àná ńkọ́? Ó jókòó sílé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń bá àwọn aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ gbé kọ́ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé téèpù ìwọnṣọ lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa bá òun wọn àwọn oníbàárà. Ó rí i pé èèyàn ò lè máa sọ̀rọ̀ kó sì wọn ejìká bó ṣe yẹ. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Ó ṣe, eyín tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ojú tì í láti lọ, ṣùgbọ́n eyín ríro kì í mọ ìtìjú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn yòókù. Dókítà mọ̀ ọ́n, ó sì kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bíi pé kò sí nǹkankan láàrin wọn rí. Ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó ní eyín náà alágídí ni, ó gún un ní oògùn àtijọ́, ó sì ní kó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ẹnu rẹ̀ á fi kú dáadáa.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dúró kó kan òun. Ìyá náà wò ó.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ìtàn ilé yìí?"

Ó fẹ́ dáhùn, ètè rẹ̀ kò gbé e. Ìyá náà kò sì dúró de ìdáhùn.

"Ọ̀gá kan wà níbí tẹ́lẹ̀! Háà! Bó bá ń sọ̀rọ̀, eyín tí wọ́n fẹ́ yọ a máa jáde fúnra rẹ̀, kó lè sá fún un. Wọ́n ní ó fi ọ̀rọ̀ há Mínísítà mọ́ orí àga láti àárọ̀ dé alẹ́. Mínísítà ní 'ó tó,' ó ní wọ́n ní kí èèyàn hó! Wọ́n ní nígbà tí inú Mínísítà ru, ó gbé e sókè báyìí, ó sì gé ìka rẹ̀ jẹ!"

Ọ̀gá Àgbà àná wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó fẹ́ sọ pé kò sí ìka tí ẹnikẹ́ni gé jẹ. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe àárọ̀ dé alẹ́. Ó fẹ́ pín ọ̀rọ̀ náà sí ìpín, kó ṣàlàyé bó ṣe rí gan-an. Ẹnu kọ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó gbọ́ lọ. Bó sì ṣe ń gbọ́, ó rí ọkùnrin kúkurú kan tó wọ kóòtù tó ń dán, tó ń pariwo pé kí èèyàn hó, nígbà tí àlejò rẹ̀ ń da itọ́ sára, ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá àgbà náà rí i pé ọ̀rọ̀ òun wọlé, ó fi òmíràn kún un, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú wá wo ohun tó dé.

"Ó ti kàn yín o, bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí fún un.

Ó dìde, ó tẹrí ba fún ìyá náà. Ìyá náà gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

"Máa lọ, ọmọ mi, wàá gbádùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó ọ."